Ìwé ìpè tí kò ti ilé ìtẹ̀wé wá

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí a fi ìwé ìpè lé lọ́wọ́ ni a pè. Àwọn kan wà tí wọ́n rí orúkọ ara wọn nínú ìwé olówó ńlá, tí ọkàn wọn sì sọ fún wọn pé ẹni tí ó fi ránṣẹ́ kò rò wọ́n wò rárá. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ọmọdé ni ó sáré wọlé tọ̀ wọ́n wá, tí ó ní, "Màámi ní kí ẹ máa bọ̀ lọ́la o," tí wọ́n sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwọn gan-an ni a ń retí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì yìí ni ìyá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, rí kọ́ nínú yàrá ara rẹ̀ ní ìlú Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ pé ọmọ ọdún méje.

Wọn kò tíì pé ọdún méjì ní ìlú náà. Ọjà ni bàbá ọmọ náà ń tà ní Mboppi, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń ra ọjà ní páálí-páálí, New Bell sì ni wọ́n háyà ilé sí. New Bell kì í ṣe ibi tí ojú ti ń ti àlejò. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn tí wọ́n ti ibòmíràn wá ti ń gbé ibẹ̀, Haúsá, Ìgbò, Yorùbá, àti àwọn ọmọ Kamẹrúùnù tí ilé wọn jìnnà sí etí òkun. Orúkọ àdúgbò náà pàápàá ní ìtàn nínú. Ìjọba Jámánì ni ó fẹ́ kó àwọn ọmọ ìlú Bell kúrò létí odò lọ sí ibẹ̀. Ọba wọn, Rudolf Duala Manga Bell, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì yẹgi fún un ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Ibi tí wọ́n fẹ́ fi ipá kó onílé lọ ni ó wá di ibi tí àlejò ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

Ṣùgbọ́n ibi tí àgbà ti rí ìtura, ọmọdé lè má rí i níbẹ̀. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yìí gbé lẹ́nu wá láti ilé, Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn ní ilé ìwé tí wọ́n mú un lọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí olùkọ́ ní kí ó dìde kàwé, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ sọ ọ́ ní Biafra, bí ó ti jẹ́ pé ọmọ náà kò mọ ibi tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tí ìran rẹ̀ kò sì ti ibẹ̀ wá. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ aládùúgbò méjì péré ni ó bá a jẹ ìrẹsì. Kò béèrè ẹnikẹ́ni mìíràn nítorí kò ní ẹni tí ì bá béèrè.

Ní ọdún 2024 ni ó wá sọ pé òun fẹ́ pe àwọn ọmọ kíláàsì òun. Ó sì ti mọ irú ìwé ìpè tí òun ń fẹ́. Ó ti rí i lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: èyí tí ń dán, tí wọ́n ya ọmọ ọba òyìnbó sí, tí yìnyín bo òrùlé ààfin rẹ̀. Bàbá rẹ̀ lọ béèrè ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Akwa. Nígbà tí ó dé, ó yọ fìlà, ó jókòó, ó ní, "Ìyàwó mi, owó tí wọ́n pè fún ìwé yẹn, bí a bá san án, àwọn ọmọ tí a pè yóò wá wo ìwé ni, wọn kò ní rí kéèkì jẹ."

Ìyá kò tètè fèsì. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ọmọ tí wọ́n ń fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kò fẹ́ gbé ohun tí yóò tún mú wọn rẹ́rìn-ín lọ sí ilé ìwé. Bí a bá sọ fún un pé a ó ṣe ìwé ìpè náà nílé, ohun tí yóò gbọ́ ni pé kò sí owó. Ṣùgbọ́n ìyá rántí ohun kan tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé bébà kọ́ ni àwọn Yorùbá fi kọ́kọ́ pe ara wọn.

Àrokò ni wọ́n ń lò. Kí ìwé kíkọ tó dé, bí ẹnìkan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn, nǹkan ni yóò dì ránṣẹ́, owó ẹyọ, ìyẹ́, obì, tàbí okùn. Ẹni tí ó bá gba owó ẹyọ mẹ́fà mọ̀ pé ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé ẹ̀fà ni. Bí òun náà bá dá mẹ́jọ padà, ó sọ pé àwọn jọ gbà, nítorí pé ẹ̀jọ ni. Òkìkí àrokò àwọn Ìjẹ̀bú kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní London fi tẹ àlàyé nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1887. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan ni ó wọ ìyá yìí lọ́kàn: ẹni tí ó fi àrokò ránṣẹ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í, ẹni tí ó gbà á sì ní ohun tí yóò dá padà.

Ó pe ọmọ náà, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni ohun tí o rí ní Douala yìí tí o kò rí rí ní ilé?"

Ọmọ náà kò ronú pẹ́ kí ó tó dáhùn. "Ọkọ̀ ojú omi, Màámi. Àwọn tí wọ́n pọ̀ nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n ń tu ú papọ̀."

Ngondo ni ó ń sọ. Ọdún àwọn ènìyàn Sawa ni, tí wọ́n máa ń ṣe létí odò Wouri ní oṣù Kejìlá. Ọjọ́ náà ni akọni kan yóò wọ inú odò lọ gba iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀mí inú omi rán sí àwọn ọba, tí àwọn ọ̀dọ́ yóò sì fi ọkọ̀ gígùn díje lójú omi. Ìjọba fi òfin de ọdún náà ní 1981, wọn kò sì padà ṣe é títí di 1991. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 tí à ń wí yìí gan-an, àjọ UNESCO kọ Ngondo mọ́ àwọn àṣà tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Odò náà kò kéré nínú ìtàn. Edé tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ni àwọn Potogí rí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n fi pè é ní odò edé ní èdè tiwọn, ibẹ̀ sì ni orúkọ Kamẹrúùnù ti wá.

Bí wọ́n ṣe mú ọkọ̀ nìyẹn. Ìwé ìpè kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ ọkọ̀ ojú omi kékeré, àjẹ̀ ìtukọ̀ kan yóò sì wà nínú rẹ̀ tí orúkọ ẹni tí a pè wà lára rẹ̀. Ní ilé, wọn yóò fi páálí fíríìjì ṣe ọkọ̀ ńlá kan, wọn yóò sì la ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iye ihò bí iye àlejò. Ọmọ tí ó bá wá yóò mú àjẹ̀ rẹ̀ dání, yóò sì fi í sí ihò tirẹ̀. Méjìlá ni wọ́n pinnu, nítorí pé yàrá náà kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí bàbá kó páálí dé láti ọjà, ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. Páálí bísíkíìtì àti ti mílíìkì ni. Ó ní, "Màámi, ìdọ̀tí nìyí." Ìyá kò bá a jiyàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó mú un lọ sí oríta Deido, ó ní kí ó gbójú sókè. Ère ńlá kan dúró níbẹ̀ tí Joseph-Francis Sumégné gbé kalẹ̀ ní ọdún 1996, La Nouvelle Liberté, tí ó fi kìkì irin àti àwọn ohun tí àwọn ènìyàn ti sọ nù ṣe. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló bínú sí i, wọ́n ní kí wọ́n wó o. Lónìí, òun ni wọ́n ń yà sí àwòrán bí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé Douala ni. Ọmọ náà wò ó títí. Nígbà tí wọ́n dé ilé, òun fúnra rẹ̀ ni ó mú sísọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn bí wọ́n ti rò. Páálí tí ó nípọn kò ṣeé ṣẹ́, ó máa ń ya ní ibi tí a bá ti ṣẹ́ ẹ. Páálí bísíkíìtì tí ó tínrín ni ó gbọ́ràn. Ìyá fi rúlà gé e ní ogún sẹ̀ǹtímítà ní gígùn àti mẹ́rìndínlógún ní ìbú. Ó fi ẹ̀yìn ṣíbí fa ìlà láàárín rẹ̀ kí ó tó ṣẹ́ ẹ sí méjì, kí ìṣẹ́po náà lè dúró nísàlẹ̀ bí ìdí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé orí rẹ̀ méjèèjì ní ọ̀nà tí iwájú ọkọ̀ yóò fi gbé sókè. Ẹ̀gbẹ́ tí kò ní àkọlé bísíkíìtì ni ó wà níta, wọ́n sì lẹ bébà funfun mọ́ inú, níbi tí ọ̀rọ̀ yóò wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìyá ń gé, ọmọ ń yàwòrán. Àwọn Duala a máa fi igi gbígbẹ́ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà mèremère sí iwájú ọkọ̀ wọn. Ọmọ náà ya ẹyẹ sí iwájú ọkọ̀ kan, ó ya ejò sí òmíràn, ó sì ya edé tí ó ní irùngbọ̀n sí ìkẹta.

Òjò Douala ni kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ìlú náà wà lára àwọn ìlú tí òjò ti ń rọ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀rinrin kì í sì kúrò nínú afẹ́fẹ́ àní nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró. Láfún tí ìyá sè bí ẹ̀kọ aládìrẹ láti fi lẹ bébà kò gbẹ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ mẹ́rin ti bu. Wọ́n kó wọn dànù, wọ́n ra gọ́ọ̀mù inú ìgò. Bírò tí ó ní yíǹkì púpọ̀ ràn káàkiri lórí páálí bí epo lórí aṣọ, wọ́n sì padà sí bírò lásán. Ní gbogbo alẹ́, abẹ́ ibùsùn tìmùtìmù ni wọ́n ń tẹ́ àwọn ọkọ̀ náà sí kí wọ́n má baà ká kò. Bàbá a máa sùn lórí wọn, a sì máa sọ pé òun ni òkúta tí wọ́n fi ń tẹ ìwé.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò gùn. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ kí gbogbo ọmọ lè kà á, télọ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilé sì bá wọn tún un ṣe: ọkọ̀ mi kò lè lọ láìsí ìwọ, mú àjẹ̀ rẹ wá. Wọ́n kọ ọjọ́, Sátidé ọjọ́ 14. Wọ́n kọ aago mẹ́ta, wọ́n sì kọ aago mẹ́fà tí àríyá yóò parí, kí òbí lè mọ ìgbà tí yóò wá mú ọmọ rẹ̀. Wọ́n ya ọ̀nà ilé sí ẹ̀yìn, ilé ìtajà oògùn, ilé búrẹ́dì, géètì aláwọ̀ ewé, nítorí pé àmì ni ènìyàn fi ń júwe ilé ní Douala ju nọ́ńbà lọ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ọmọ náà ní òun fẹ́ kọ Yorùbá díẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: Máa bọ̀ o.

Orúkọ ni ó kù. Ìyá ka ìwé tí ọmọ náà kọ orúkọ méjìlá sí, ó sì rí i pé ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó gba ipò kejìlá jẹ́ ọmọ kíláàsì mìíràn tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí, tí ó jẹ́ pé báàgì rẹ̀ ni ó dára. Ìyá béèrè. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní, "Òun ló sọ mí lórúkọ, Màámi. Kò lè wọ ọkọ̀ mi."

Ìyá kò fi ipá mú un, nítorí pé àrokò tí a fi ipá dì kì í jẹ́ iṣẹ́ tí a rán. Bàbá ni ó sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó sọ bí òun ṣe dé Mboppi, tí ẹni tí ó ni ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń sín Faransé rẹ̀ jẹ níwájú oníbàárà. Ní ọjọ́ tí ibà dá a dùbúlẹ̀, ẹni náà ni ó bá a ṣí ìsọ̀, tí ó tajà, tí ó sì kó owó wá fún un ní ìrọ̀lẹ́ láìdín kọ́bọ̀. Ó ní, "Ènìyàn ni aṣọ mi. Bí a bá wà ní ìdálẹ̀, a kì í yan aṣọ tán kí òtútù tó mú ni." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lọ sùn lórí àwọn ọkọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ náà béèrè bóyá ọkọ̀ ẹni méjìlá lè gba ẹni kẹtàlá. Wọ́n ní ó lè gbà á. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Àjókù páálí ni ó fi ṣe é, ẹnu ọkọ̀ náà kò bára dọ́gba, àjẹ̀ rẹ̀ sì wọ́. Ó fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ ọmọ náà sí i, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ.

Ìyá kò jẹ́ kí ó pín àwọn ìwé náà nínú kíláàsì. Ọmọ tí a kò pè kò yẹ kí ó máa wo ọmọ tí a pè lójú. Ó lọ bá olùkọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé ẹnu géètì ni wọn yóò ti fi lé àwọn òbí lọ́wọ́ nígbà tí ilé ìwé bá jáde. Ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn kò ní òbí tí ó ń wá mú un. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gba tirẹ̀, ó wò ó, ó fi í sínú báàgì láìsọ ohunkóhun.

Aago mẹ́ta lù ní ọjọ́ Sátidé, kò sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà wọ aṣọ tuntun, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá tí ihò mẹ́tàlá wà lára rẹ̀. Ìyá ń wọlé, ó ń jáde. Ó ń rò ó bóyá kò bá dára kí wọ́n ti yá owó kí wọ́n sì tẹ ìwé olówó ńlá náà. Ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìyá àgbà kan fa ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ wọlé, àjẹ̀ páálí yọrí nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Kí aago mẹ́rin tó lù, mẹ́sàn-án ti pé. Wọ́n jẹ ìrẹsì ọlọ́bẹ̀, wọ́n jẹ pọ́fù-pọ́fù, wọ́n kó wọ inú ọkọ̀, bàbá sì fi ọpọ́n ìfọṣọ lulù fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ ìwé ìpè. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún un, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí àwọn tí ń kọjá lọ pé, "Máa bọ̀ o! Máa bọ̀ o!" Gbogbo wọn gbè é. Ọmọ tí wọ́n fi ohùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe gbé ohùn náà sókè, bí wọn yóò ṣe gbé e wálẹ̀.

Ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn kò wá. Ní alẹ́, nígbà tí wọ́n gbálẹ̀ tán, ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí fi ìka kan ihò rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Ìyá kò sùn dáadáa. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá àwọn ni wọ́n ti ọmọ wọn lọ síbi tí wọ́n ti tún ṣẹ́ ẹ lẹ́gàn.

Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ náà sáré ti ilé ìwé dé pẹ̀lú nǹkan kan nínú ọ̀rá. Àjẹ̀ wíwọ́ náà ni. Alùpùpù ni bàbá ọmọbìnrin yẹn ń gùn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bendskin ní ìlú náà, Sátidé sì ni ọjọ́ tí ó ń rí owó jù. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kò sí ẹni tí yóò mú un wá. Ó ti wé àjẹ̀ náà sínú ọ̀rá láti ọjọ́ Sátidé kí omi má baà kàn án, ohun tí ó sì kọ́kọ́ béèrè ní òwúrọ̀ ni bóyá ọkọ̀ náà ti lọ.

"Kí ni o sọ fún un?" ni ìyá béèrè.

"Mo ní kò tíì lọ."

Wọ́n gbìyànjú láti fi àjẹ̀ náà sí ihò rẹ̀, kò wọ̀ ọ́, nítorí pé ó wọ́ jù. Ìyá mú sísọ́ọ̀sì, ó fẹ́ gé àjẹ̀ náà kí ó lè tọ́. Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ihò ni ó ní kí wọ́n fẹ̀ sí i. Wọ́n fẹ̀ ẹ́, ó sì wọlé.

Ihò mẹ́ta ni kò rí àjẹ̀ gbà. Ara ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò yá ní ọjọ́ àríyá, wọn kò sì mọ ohun tí ó dá méjì yòókù dúró. Ìyá fẹ́ lẹ bébà bo àwọn ihò náà kí ọkọ̀ lè dára ní ojú ògiri tí wọ́n gbé e kọ́ sí. Ọmọ náà ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, ó ní àwọn tó ni ín ṣì lè dé. Wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀.